Ohun Èlò Kẹtàdínlógún

Nínú fáìlì ọkọ̀ ìsọdá Sikongolo, lójú ewé kẹrin, wọ́n to gbogbo ohun tó so ọkọ̀ náà ró síbẹ̀: ẹ́ńjìnì kan, àgbá onírin méjìlá tó gbé e léfòó, wáyà kan tó ti etí odò yìí dé ìkejì, kùmọ̀ onígi mẹ́fà tí wọ́n la lẹ́nu láti fi máa fa wáyà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kọṣẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun èlò kẹtàdínlógún nìyí: "Ìmúdọ́gba, ẹyọ kan. W. Likando. Ìwúwo: kílò 168. Ọ̀dà: kò nílò ọ̀dà."

Èèyàn ni W. Likando yìí. Wamunyima lorúkọ rẹ̀, ó sì ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbà á síṣẹ́ pé kó máa gbà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí olóṣèlú kan ta ọkọ̀ náà lọ́rẹ ẹ́ńjìnì katakata kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sì dè é mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ibòji wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń dè é. Nígbà tí wọ́n tì í sómi, ọkọ̀ dagun sọ́tùn-ún, ewúrẹ́ méjì yọ̀ ṣubú sódò, alága káńsù fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Wamunyima sáré lọ di irin mú lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn àga tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ sì tọ́.

"Má kúrò níbẹ̀!" ni alága pariwo.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Kò bínú sí i púpọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ máa ń dùn mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ilé ìwé. Igi tín-ínrín kan tó gbé lé orí òkúta, tó wá ń to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìhín àti ọ̀hún rẹ̀, ni olùkọ́ rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ àárín ọkọ̀. Òun kò wúwo tó o, ṣùgbọ́n òun jìnnà sí àárín, mítà méjì gbáko. Kílò kan tó jìnnà ń ṣe iṣẹ́ kílò púpọ̀ tó wà nítòsí. Ó máa ń ronú sí i bí ẹlòmíràn ṣe ń ronú sí orin.

Lọ́dọọdún, alábẹ̀wò á dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo, á wọn Wamunyima, á lu òǹtẹ̀. Lọ́dún tí ibà ṣe é tó fi kílò mẹ́sàn-án rù, káńsù fi ẹ̀pà àti wàrà kíkan ọ̀sẹ̀ méjì ránṣẹ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì ni "ìtọ́jú ohun èlò". Àwọn èrò ọkọ̀ ní tiwọn kò fojú ohun èlò wò ó. Àgbàlagbà tó jókòó ni. Ẹni tó bá wọlé á lóṣòó níwájú rẹ̀, á pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, á ní, "Ndate," ìyẹn bàbá, "a bá yín níbẹ̀," òun náà á pàtẹ́wọ́ dá a lóhùn láti orí àga.

Lókè bèbè òdìkejì ni Namukolo ń gbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Bèbè náà ga, iyanrìn lásán ni, ẹsẹ̀ èèyàn á sì rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Wamunyima ń gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá lóòjọ́, kò sì gun òkè rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e, èémí rẹ̀ kò sì tó. Bó tilẹ̀ lè gùn ún, bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò lórí ọkọ̀ níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ á dagun. Ní ìhà ilé nìkan ni òpó kọnkéré wà tí wọ́n lè so ọkọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá sì ti so ó nírọ̀lẹ́, kò sí ọlọ́kọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tó máa gbé e sọdá lórí omi tí erinmi ti jáde.

Nítorí náà, ariwo ni wọ́n fi ń ṣe ẹbí. Namukolo á dúró lókè, á fọwọ́ bo iwájú orí, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

"Wamunyima o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi o!"

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun!"

"Irọ́ ni! Ohùn rẹ ń dún bí ìkòkò òfìfo! Mo ti fi ẹja àti òkèlè buhobe rán ìyàwó olùkọ́ sí ọ! Inú tó dì ọ́ níjẹta ńkọ́, ó ti yọ?"

Àlùfáà kan àti olùkọ́ mẹ́fà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ó ti yọ, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ẹ ṣeun, Olúwa!" ni àlùfáà sọ, nítorí gbogbo Sikongolo ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ inú náà láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá rí mi nígbà kan!" Wamunyima máa ń sọ.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ wá sáyé! Ìwọ ni wàá gòkè wá!"

Ó wá di ọjọ́ kan tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pariwo. Ọjọ́ kejì, kò sí. Wamunyima pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun fi dùn ún. Àwọn èrò ló ń bá a gòkè, tí wọ́n ń mú ìròyìn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ibà ni, ó mu omi, kò mọ ẹni tó wọlé, ó bèèrè bóyá àbúrò òun ti jẹun. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi jókòó sí ìsàlẹ̀ bèbè yẹn, tó ń wo iyanrìn tó ga ju ilé alájà kan lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ohùn Namukolo padà dé lọ́jọ́ kẹfà, tó rẹlẹ̀ bí ohùn ọmọdé, Wamunyima fi tíkẹ́ẹ̀tì bojú, ó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó pe ọmọ rẹ̀ Nalishebo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lusaka. Ó ní kó wá tún sọ ọ̀rọ̀ tí òun kì í jẹ́ kó sọ parí.

Nalishebo dé. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ṣúgà yín ga, orúnkún yín ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Iṣẹ́ abẹ kan wà."

"Wọ́n á gé ọ̀rá mi?"

"Wọn kò ní fọwọ́ kan ọ̀rá. Àpò oúnjẹ tó wà nínú yín ni wọ́n máa gé."

Wamunyima gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Báwo ni wọ́n ṣe ń gé e?"

Nalishebo mọ bàbá rẹ̀. Ó mú àpò àgbàdo kan tó ṣófo, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ẹfun fa ìlà láti ẹnu rẹ̀ dé ìdí, lẹ́bàá etí kan. "Gbogbo apá ńlá yìí ni wọ́n máa gé dànù. Ìyókù á rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Irin kéékèèké bí èyí tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀ ni wọ́n fi ń rán etí rẹ̀. Ihò márùn-ún ni wọ́n máa lu sí yín níkùn, kò sí èyí tó ju ìka lọ. Wọ́n á ti kámẹ́rà bọ ọ̀kan, irin iṣẹ́ á gba ìyókù wọlé."

"Bí ojú rírán bá jò ńkọ́?"

"Ó lè jò. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan tàbí méjì. Ó lè pa èèyàn."

"Bí mo bá wá ní mi ò ṣe mọ́?"

"Ohun tí wọ́n bá ti gé, kò ṣeé lẹ̀ padà."

"Ebi ńkọ́? Ibo ló máa lọ?"

"Apá tí wọ́n ń gé yẹn ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ebi ń rán ti ń wá. Ó máa dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Bàbá: bí ẹ bá ń mu ohun dídùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ tún máa sanra. Irin iṣẹ́ lásán ni. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló máa ṣiṣẹ́."

Wamunyima ká àpò náà sí méjì, ó tún tú u. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun kò purọ́ kan ṣoṣo. "Mo gbà," ló wí. "Ó kù sọ́wọ́ káńsù."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí káńsù jókòó, Akọ̀wé Muyunda ṣí fáìlì. "Ohun tó wà níwájú wa ni ìwé tí ohun èlò kẹtàdínlógún kọ, pé òun fẹ́ kí wọ́n dín òun kù."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" ni ọmọ ìgbìmọ̀ kan bèèrè.

"Mo wà níbí o," ni Wamunyima sọ.

"A rí yín, Ndate. Ẹ má bínú. Akọ̀wé, ṣé ó ti bàjẹ́?"

Òmíràn nawọ́. "Ta tiẹ̀ ló ni àpò oúnjẹ yẹn? Ẹ̀pà káńsù ti wọ ibẹ̀ rí."

Ìyá Nasilele, tó ń tọ́jú sítóò, dìde. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi tọ́jú sítóò yẹn, kò sì tíì sọ nọ́ọ̀tù kan nù. "Òfin sítóò kò ṣòro. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ lára ohun èlò káńsù, ògbólógbòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Ì báà ṣe táyà, ì báà ṣe bẹ́líìtì."

"Wọn kò ní fún mi ní tuntun, Ìyá Nasilele."

"Èmi kò bèèrè tuntun lọ́wọ́ yín. Ògbólógbòó ni mo ń bèèrè."

Wamunyima fúnra rẹ̀ ló wá bá wọn wá ọ̀nà. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí wọ́n gbé òun sórí òṣùwọ̀n àgbàdo. Iye kílò tí òun bá ti sọ nù, kí wọ́n bu iyanrìn tó tó o sínú àpò, kí wọ́n gbé e sẹ́bàá àga òun. Òun àti iyanrìn, àpapọ̀ wọn kò ní yẹ̀ kúrò ní 168. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Sikongolo kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbọ́. Wamunyima bẹ gbogbo èrò ọkọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, nítorí oúnjẹ ni ìfẹ́ tí obìnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa pariwo rẹ̀ gòkè bèbè pé òun ń lọ gé ibi tí ìfẹ́ náà ń wọ̀. Ìlú tó mọ̀ nípa inú rẹ̀ tó dì pa ẹnu mọ́. "Orúnkún ni mo ń lọ tọ́jú!" ló pariwo fún un. Ìyẹn ni àṣírí kan ṣoṣo tó ti wà lórí odò yẹn rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà ní Lusaka. Káńsù fi olùkọ́ méjì rọ́pò rẹ̀ lórí àga. Nígbà tí wọn kò pé, wọ́n fi Akọ̀wé Muyunda kún wọn, òṣùwọ̀n sì fi kílò kan lé. Akọ̀wé bọ́ bàtà àti kóòtù rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń fẹsẹ̀ lásán buwọ́ lùwé lójú omi.

Ojú rírán kò jò. Wamunyima padà dé pẹ̀lú ìwé dókítà: "Àpò oúnjẹ, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ẹyọ kan. A ti sun ún." Ìyá Nasilele kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. "Ó yẹ kí wọ́n ti fi eérú rẹ̀ ránṣẹ́," ló wí, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Ayé tuntun wá bẹ̀rẹ̀. Omi ẹran tí wọ́n sẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ife kékeré kan tí ó máa ń mu fún wákàtí kan gbáko, bí ẹni ń mu oògùn. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ lílọ̀. Nígbà tó kan ohun tó ṣeé jẹ lẹ́nu, ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ títí yóò fi di ọbẹ̀ láàárín eyín rẹ̀ kó tó gbé e mì. Kò gbọdọ̀ mu omi sí i. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó gbé òkèlè buhobe kan mì bí ó ṣe ń ṣe látijọ́. Ó dúró sí i láyà bí èdídí ìgò. Òógùn bò ó, ó di irin ọkọ̀ mú, ó ń wo omi títí òkèlè náà fi padà jáde bó ṣe wọlé. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tó ń ka iye ìgbà tó ń rún oúnjẹ lẹ́nu: márùndínlọ́gbọ̀n fún ẹja, ogójì fún ẹran. Oògùn rẹ̀ ojoojúmọ́ wà nínú àpótí tíkẹ́ẹ̀tì. Irun rẹ̀ ń bá ìyarun lọ. Nígbà tí òòrùn ń sun irin ọkọ̀, tí gbogbo èèyàn ń làágùn, òun wọ súẹ́tà nítorí òtútù. Awọ ara rẹ̀ ń mì lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tó yá lọ́wọ́ ẹni tó tóbi jù ú lọ. Nígbà míì, ó máa ń wá ebi rẹ̀ káàkiri ara bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù. Kì í rí i. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe é díẹ̀, nítorí wọ́n ti jọ pẹ́.

Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó dìde lórí àga láìdi nǹkan kan mú, ó sì tún jókòó, ó tún dìde. Ó ṣe é nígbà mọ́kànlá. Àwọn èrò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Iyanrìn ń pọ̀ sí i. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ sí i, àpò mu omi, ọkọ̀ sì dagun sósì. Wamunyima fi ọ̀rá dúdú wé wọn, ó tọ́. Nítorí òòrùn tó ń jó ọ̀rá náà, ó bọ́ fìlà gbòòrò rẹ̀, ó fi dé àpò tó wà lókè pátápátá. Láti ọjọ́ náà, àwọn èrò tó bá wọlé, tí wọ́n rí ohun ńlá kan tó jókòó pẹ̀lú fìlà níbi tí Ndate máa ń wà, á lóṣòó, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún iyanrìn. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ tẹjú mọ́ àpò náà, ó ní, "Ndate, ẹ mà ti rù!" Wamunyima, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ló dáhùn. "A dúpẹ́, Ìyá." Obìnrin náà fò sókè.

Ìkòkò Namukolo kò sì dáwọ́ dúró. Lójoojúmọ́ ni ẹja, ẹ̀fọ́, wàrà kíkan àti buhobe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bèbè. Èèyàn kì í dá ìkòkò ẹ̀gbọ́n padà pẹ̀lú oúnjẹ nínú, èébú ni. Wamunyima á bu ṣíbí mẹ́ta, á gbé ìyókù fún Sitali, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ bu ṣíbí mẹ́ta náà mọ́, nítorí ata rẹ̀ ń ta inú rẹ̀ tuntun.

"Ṣé ẹja náà dùn?" Namukolo á pariwo.

Wamunyima á wo Sitali. Sitali á rọra sọ ọ́ fún un.

"Ó dùn, ẹ̀gbọ́n mi! Iyọ̀ rẹ̀ ló kéré díẹ̀!"

Ní oṣù kẹjọ, ọkọ̀ dagun sọ́tùn-ún.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Wamunyima. Ó fi ìgò òróró kan tó gbé dùbúlẹ̀ wo bí ọkọ̀ ṣe tẹ́ sí; afẹ́fẹ́ inú ìgò sá kúrò ní àárín. Ó tún iyanrìn wọ̀n, ó pé. Ó tún ara rẹ̀ wọ̀n, ó pé. Ó fi kùmọ̀ lu àgbá méjèèjìlá, kò sí èyí tó jò. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wá a, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé láti Lusaka. Lọ́jọ́ karùn-ún, bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ sí òdìkejì, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìbàdí Sitali. Okùn ló fi so ṣòkòtò.

"Sitali, bẹ́líìtì rẹ dà?"

"Kò dé mọ́, Ndate."

"Bọ́ sórí òṣùwọ̀n."

"Ndate, mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Bọ́ sórí òṣùwọ̀n, mo ní!"

Kílò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

"Ìwọ ló ń da ọkọ̀ yìí rú!" ni Wamunyima pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa jẹ ẹ́! Ẹ ní kí ìkòkò má padà lọ pẹ̀lú oúnjẹ!"

"Mo ní kí o jẹ ẹ́, mi ò ní kí o kó o pamọ́!"

"Ta ló ń fi oṣù mẹ́jọ jẹ ẹja Ìyá Namukolo tí kò ní sanra? Ẹ̀yin ni wọ́n gé inú yín, Ndate, wọn kò gé tèmi!"

Àwọn méjèèjì ti gbàgbé ibi tí wọ́n wà. Ohùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bèbè, kò sì pariwo púpọ̀.

"Sitali ló ń jẹ oúnjẹ mi?"

Sitali sá sẹ́yìn ẹ́ńjìnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Oṣù mẹ́jọ? Tí mo ń fi ojú tí kò ríran yìí ṣa ẹ̀gún ẹja?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!"

"Ta wá ló ń sọ pé iyọ̀ rẹ̀ kéré?"

Kò sí irọ́ tó kù lẹ́nu Wamunyima. "Èmi ni. Sitali ló ń sọ fún mi."

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ohùn kankan kò wá láti òkè bèbè, tí ìkòkò kankan kò sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èrò tó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ gòkè padà wá pẹ̀lú èsì kan náà: "Wọ́n ní àwọn kò ní àbúrò tó ń ti ẹnu ẹlòmíràn jẹun." Sitali ń rù. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ padà.

Lóṣù kẹwàá, Wamunyima dé kílò 112. Iyanrìn jẹ́ 56. Ó lọ bá Akọ̀wé Muyunda. "Mo fẹ́ gun òkè lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sán kan péré."

"Ta ló máa dúró sípò yín? Àwọn olùkọ́ ti kọ̀."

"Ẹ bá mi fi iyanrìn kún iyanrìn."

Akọ̀wé ṣí fáìlì. "Ìwé àṣẹ ní W. Likando pẹ̀lú iyanrìn. Kò sọ pé iyanrìn nìkan. Ẹ ò lè fi ara yín rọ́pò ara yín pátápátá, Ndate. Wọ́n á ní ọkọ̀ mìíràn ni. Ìyẹn gba ìwé tuntun láti olú ìlú."

"Yóò tó ìgbà wo?"

"Èyí tí a kọ fún ẹ́ńjìnì kò tíì dé."

Wamunyima padà sílé. Ó mú igi tín-ínrín rẹ̀, ó gbé e lé òkúta. Ó fi òkúta ńlá kan ṣe ẹ́ńjìnì lápá kan, ó to òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí apá kejì, ní ìka méjì sí àárín: òun nìyẹn, bí òun ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ó kó mẹ́ta náà kúrò. Ó mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ó rọra ń tì í síta lórí igi náà, ìka mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Nígbà tó dé ìka mẹ́fà, igi náà tẹ́ rẹrẹ.

Ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta ara òun ni òun ti sọ nù. Ohun tí òun ti sọ nù nìkan ti tó, bí wọ́n bá lè gbé e jìnnà ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi gé òpó igi tó gùn, tó bó èèpo rẹ̀, tó sì fi nọ́ọ̀tù dè é mọ́ ọkọ̀ lábẹ́ àga rẹ̀, kó yọ síta lórí omi lápá òkè odò. Ó fi wáyà fà á mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó tún òpó náà fúnra rẹ̀ wọ̀n, ó sì fi òkúta dọ́gba fún un lọ́wọ́ ọ̀tún, kí òpó má baà máa ṣe iṣẹ́ tí wọn kò rán an. Ó wá so àpò iyanrìn náà mọ́ orí rẹ̀, ní mítà mẹ́fà sí àárín ọkọ̀ géérégé. Fìlà ṣì wà lórí wọn. Ó ránṣẹ́ pe Akọ̀wé Muyunda.

"Kílò mélòó ló wà lórí igi yẹn?" ni akọ̀wé bèèrè.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

"168 ni fáìlì sọ."

"Fáìlì sọ iye kílò. Kò sọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ẹ wo ìgò."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Wamunyima, tó dúró sáàárín ọkọ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbéra, bọ́ sílẹ̀ sínú iyanrìn òdìkejì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Akọ̀wé di irin mú, ó pa ojú dé. Ọkọ̀ kò mira. Nígbà tó lajú, afẹ́fẹ́ inú ìgò wà láàárín gbungbun. Ó wo ìgò, ó wo fáìlì, ó tún wo ìgò. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bóyá ó rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà láìwọ bàtà. Lẹ́yìn náà ló mú bírò jáde, ó fa ìlà gba àárín ohun èlò kẹtàdínlógún, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ohun tí W. Likando ti sọ nù, lórí òpó."

Wamunyima ti ń gòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì, ó ń fà á yọ, ó ń rì. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Àyà rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n kò lù bí ti ẹni tó máa kú. Bí ti ẹni tó ń gun òkè ni. Lókè, ó rí ilé náà tó kéré ju bó ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń họ ìpẹ́ ẹja.

Wamunyima lóṣòó bí àwọn èrò ṣe ń ṣe fún un, ó pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ta nìyẹn?" Namukolo kò yíjú.

"Èmi ni. Wamunyima."

"Irọ́ ni. Wamunyima kò lè lóṣòó láti ìgbà tí ìyá wa ti wà láyé. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó nísàlẹ̀ báyìí, ó jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà, gbàǹgbà bó ṣe máa ń rí. Bíbínú tí mò ń bínú sí i yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó."

"Iyanrìn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yíjú. Ó sún mọ́ ọn, títí imú rẹ̀ fẹ́ kan imú Wamunyima. Ó fi ọwọ́ tó ń rùn ẹja tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di awọ ọwọ́ rẹ̀ tó ń fì mú, ó fà á, ó sì jù ú sílẹ̀.

"Iyanrìn ni mo ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí?"

"Ó ṣiṣẹ́, ẹ wò ó."

"Wọ́n gé ọ ní inú?"

"Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo gé e kí n lè gòkè wá. Ìgbà tí ibà ṣe yín, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni mo wà."

Namukolo wọlé, ó bu buhobe àti ẹja sínú àwo ńlá, ó gbé e jáde, ó wo àbúrò rẹ̀, ó gbé e padà. Nígbà tó tún jáde, ìdérí ìkòkò wàrà ló mú dání, ẹja díẹ̀ nínú rẹ̀, ó tó ṣíbí mẹ́ta. Ó jókòó síwájú rẹ̀ ní orúnkún sí orúnkún, kí ojú rẹ̀ lè rí ẹnu tó máa jẹ ẹ́.

Wamunyima bu ẹyọ kan. Ó jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́. Adìẹ kan kọjá láàárín wọn, ó tún padà kọjá. Nísàlẹ̀, Sitali fun fèrè ọkọ̀.

"Iyọ̀ ńkọ́?" ni Namukolo bèèrè.

Ó gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró. Ó ku ìgbà mẹ́fà tó máa rún un. Ó ka á tán, ó gbé e mì, ó dúró kó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

"Ó kéré díẹ̀," ló wí.

Namukolo gbá a létí. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bu iyọ̀, ó sì gbé e lọ́wọ́ lọ sí etí bèbè.

"Sitali o! Dákẹ́ fèrè yẹn!" ló pariwo. "Kí gbogbo yín jókòó! Kò tíì bu ṣíbí kejì!"